Gbẹ́rẹ́ Tí Àwáwù Fi Làálì Kọ Sí Mi Lápá

Mo ti fìgbà kan rò pé làálì lè tan ìjọba jẹ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ọmọ kékeré ni mí nígbà náà, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni, òyìnbó náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí ìlú wa ni, a kò tíì mọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Bí mo bá ti gbóòórùn ewé làálì tútù tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ omi, òórùn tó dà bíi ti koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rántí. Mo rántí ara mi lórí ẹní lẹ́yìn ilé wa ní Òkèlele, tí mo na apá ọ̀tún sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gé e fún. Àwáwù ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ bá mi, ó mú igi ìgbálẹ̀ kan dání, ó ń sọ pé, "Má mira. Bí o bá mira, á di ejò."

Amọ̀kòkò ni ìyá wa. Gbogbo àgbàlá wa ni amọ̀: ìkòkò tútù lábẹ́ ìbòjì, ìkòkò gbígbẹ lójú oòrùn, àfọ́kù lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sun ìkòkò, èéfín á wọ inú aṣọ wa, á wọ inú ẹ̀kọ tí a ń mu, àfáà wa ní ilé kéú á sì ti mọ ibi tí mo ti ń bọ̀ kí n tó kí wọn. Ìyá wa gbà pé kò sí iṣẹ́ tó tó iṣẹ́ ìkòkò. Wọ́n a máa sọ fún wa pé, "Ẹ fi ẹnì kan hàn mí tí kì í se ọbẹ̀." A kò rí ẹnì kankan fi hàn wọ́n rí.

Àwáwù ni wọ́n fẹ́ kó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ ìkòkò kan kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á fi èékánná fa ìlà yí ọrùn rẹ̀ ká, á to àmì sí i níkùn, á ya ewé sí i létí, títí amọ̀ á fi gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá wa á fi àtàǹpàkò nu gbogbo rẹ̀ dànù.

"Ìkòkò ọbẹ̀ ni mo ní kí o mọ," wọ́n á ní. "Mi ò ní kí o mọ ìyàwó."

Ìyàwó gan-an ló sì wà lọ́kàn Àwáwù. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyàwó ní àdúgbò wa, obìnrin kan a máa wá láti àdúgbò Gàmbàrí pẹ̀lú igbá làálì àti ìgò tìróò rẹ̀. Ìyá Onílàálì ni gbogbo wa ń pè é. Bó bá ti jókòó ti ìyàwó, Àwáwù á lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n fi ṣọ́ ọ ni. Á bẹ̀bẹ̀ fún làálì tó bá ṣẹ́ kù nínú igbá, á gbé e wálé, á sì lé e sí àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbi tí ojú ìyá wa kò lè dé. Ìyá wa rí i náà. Wọ́n ní bí Iléyá bá ti kọjá, Áfọ̀n ló ń lọ, sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin kan tó ń mọ àmù ńláńlá níbẹ̀, tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Àwáwù kò jiyàn. Ó kàn jẹ́ pé kì í parí oúnjẹ rẹ̀ mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Alángùá, olórí àdúgbò wa, ránṣẹ́ káàkiri pé onígbẹ́rẹ́ ìjọba ń bọ̀, kí gbogbo ìyá kó ọmọ jáde kí wọ́n lè sín wọn ní gbẹ́rẹ́ ìgbóná. Láwàní, ọ̀rẹ́ mi ní ilé kéú, ló là mí lóye. Wọ́n ti sín òun ní Jẹ́bà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ojú irin.

"Omi ara màlúù ni wọ́n ń fi sí i," ó ní.

"Èèyàn ò wá ní di màlúù?"

Láwàní ronú sí i. "Kì í ṣe gbogbo èèyàn."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fọwọ́ pa orí mi láràárọ̀ bóyá ìwo ti ń yọ. Ẹ rántí pé wọn kò tíì sín mi o. Láwàní dúró níwájú mi, ó ká aṣọ sókè, ó fi àpá tirẹ̀ hàn mí: róbótó mẹ́ta, ó ń dán. Ó ní ẹni tó bá ti ní i, wọn kì í tún un sín. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn, n kò dúró gbọ́ èyí tó kù.

Mo lọ bá Àwáwù nídìí amọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fi làálì kọ gbẹ́rẹ́ sápá."

Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. "Mélòó?"

"Mẹ́ta. Kéékèèké."

"Kéékèèké náà ni," ó ní, ojú rẹ̀ sì ti ń tàn.

Ó lé e tán, ó fi ewé làpálàpá bò ó, ó fi àkísà wé e. Mo gbé apá náà bí ẹyin títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Nígbà tó tú u, mẹ́ta náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gún yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká bí oòrùn tó ń ràn, ìtàkùn kan sì gba àárín wọn kọjá láti ìgbọ̀nwọ́ dé èjìká, ó ń so èso lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbẹ́rẹ́ ni mo ní."

"Gbẹ́rẹ́ nìyẹn."

"Ewé wá ńkọ́?"

"Gbẹ́rẹ́ yẹn dá wà. Àánú rẹ̀ ṣe mí."

Mo sáré lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi eérú bó o, mo fi iyanrìn ha á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ làálì ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọ̀ epo ló ní, bí ohun tó ń tijú. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ó ti pọ́n dòò, ó ti ń dúdú lọ, ó wá dà bíi pé wọ́n bí i mọ́ mi ni. Mo wọ aṣọ alápá gígùn, mo sì bá ìyá wa jáde, mo ń tu ara mi nínú pé bóyá gbẹ́rẹ́ Jẹ́bà máa ń hù.

Iwájú ilé Alángùá ni wọ́n jókòó sí. Onígbẹ́rẹ́ náà kì í ṣe òyìnbó rárá. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ará apá ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó wọ ṣòkòtò kákí tó mọ sí orúnkún. Irin tó mú dání kò tó ìka ọmọ ọwọ́. N kò tíì rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó sì bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

"Apá," ó ní.

Mo ká apá aṣọ ọ̀tún sókè. "Wọ́n ti sín mi."

Ó wò ó. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún wò ó. "Níbo?"

"Jẹ́bà."

"Ta ló sín ọ?"

"Òyìnbó."

"Òyìnbó yẹn mà ráyè o," ó ní. "Ó sín gbẹ́rẹ́ tán, ó tún dáko sí i."

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kan pariwo pé, "Ìyàwó dé o," àwọn yòókù sì gbè é. Onígbẹ́rẹ́ náà kò bínú. Ó kàn fa apá mi kejì tó mọ́ tónítóní. "Apá òsì la ń sín," ó ní. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé Láwàní kọjú sí mi nígbà tó ń fi tirẹ̀ hàn mí, òsì tirẹ̀ ni mo mú ṣe ọ̀tún tèmi. Mo ké. Wọ́n gbọ́ mi ní mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí mo dákẹ́ láti mí, ọkùnrin náà ti ń pe ọmọ tó kàn. Irin ti kàn mí láàárín igbe, n kò sì mọ̀.

Ìyá wa dì mí lápá láti fà mí lọ sílé, wọn kò gbójú sókè fún ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti di apá kejì mú. Ìyá Olóṣẹ ni, ìyá àgbà kan tó ń se ọṣẹ dúdú ní ilé tó kángun sí tiwa. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Sàfúrátù, ni wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Ó ń yí apá mi síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń ra iṣu.

"Ìyá Àwáwù, ta ló lé èyí?"

"Eré ọmọdé ni, Màmá. Ẹ má wulẹ̀ wò ó."

"Mo ti wò ó ná. Ta ni?"

Ìyá wa kò lè purọ́ fún àgbà. "Àwáwù ni."

"Ìyá Onílàálì lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Kánò, kò sì tíì dé," Ìyá Olóṣẹ ní. "Ṣé kí ọmọ mi gbé ọwọ́ lásán wọlé ọkọ ni? Ẹ yá mi ní Àwáwù."

Àwọn obìnrin yòókù ti kúrò lórí ìlà, wọ́n ti yí mi ká, wọ́n ń fi ìka tọ ìtàkùn náà. Onígbẹ́rẹ́ wá ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, apá òsì ni iṣẹ́ tèmi wà." Ìyá wa rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. "Kó lọ," wọ́n ní. "Ojú á tì í, á padà wá mọ ìkòkò, gbogbo wa á sì sinmi."

Ní ìrọ̀lẹ́ Alàmísì, Àwáwù lé làálì sí Sàfúrátù lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ó wé e, ó wálé. Èmi wà lórí ẹní, apá òsì mi wú, ara mi gbóná, mo ń dúró de ìgbà tí màá dún bíi màlúù. Bí ilẹ̀ Jímọ̀ ṣe mọ́ ni ẹnì kan sáré wọlé, ó ní Ìyá Olóṣẹ ní kí gbogbo wa máa bọ̀, àti èmi aláìsàn.

A bá Sàfúrátù nínú ẹkún. "Epo ni wọ́n fi kùn mí lọ́wọ́," ó ń wí. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Iṣẹ́ ọwọ́ náà dára, ṣùgbọ́n pupa rẹ̀ kò ju ti ọbẹ̀ aláìlẹ́ran lọ. Àwọn ìyàwó ilé ń pòṣé. Àwáwù fẹ̀yìn ti ògiri, kò wojú ẹnikẹ́ni. Mo wo ìyá wa, mo sì mọ̀ pé Áfọ̀n ni wọ́n ń rò.

"Ráímì, bọ́ aṣọ," Ìyá Olóṣẹ sọ fún mi.

Mo bọ́ ọ.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n tú tìrẹ, báwo ló ṣe rí?"

"Bí epo."

"Òní ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó dúró gbọ́ ìdáhùn mi. Èmi tí mo fẹ́ fi apá náà pa mọ́ fún ìyá mi ni wọ́n wá ń yí kiri láàárín ilé bí àgbò tí wọ́n fẹ́ rà. Sàfúrátù gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá mi, ó fa imú, ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa kírun Jímọ̀ tán tí wọ́n so yìgì, ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n bí iná, àwọn obìnrin tó ń pòṣé láàárọ̀ sì ti ń béèrè ìgbà tí yóò kàn wọ́n.

Báyìí ni wọ́n ṣe kún àgbàlá wa kí Iléyá tó dé. Orí ìkòkò ìyá wa tí a dojú wọn délẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, ìyá wa a sì máa sọ pé, "Ẹ rọra o, ẹ má jókòó fọ́ oúnjẹ mi." Àwáwù, tí kò tíì ju ọmọge kékeré lọ, ti ń ṣòfin bí ajẹ́lẹ̀. Fún Iléyá, ó ní ẹsẹ̀ ni kí wọ́n ṣe, nítorí inú ẹran ni ọwọ́ máa wà látàárọ̀. Fún ìtunu ààwẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ni, róbótó kan péré láàárín rẹ̀, nítorí àdúrà ni wọn ó gbé e sókè fún. Lásìkò òjò, kò ní fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tí wọ́n máa fi wọ ẹrẹ̀. Tìróò ojú tó fún wọn. Ọyẹ́ ló fẹ́ràn jù. Ó ní awọ gbígbẹ a máa mu làálì dànù, nítorí náà ẹni tí kò bá fi òrí pa ara fún ọjọ́ bíi mélòó kan kò gbọdọ̀ wá. "Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló máa ń funfun lásìkò ọyẹ́," ó máa ń wí, "bí ẹni tó ṣubú sínú èlùbọ́. Ojú tí mo bá lé tìróò sí nìkan lẹ máa rí." Àwọn ìyálọ́mọ ń gbọ́, wọ́n ń mi orí.

Èmi ńkọ́? Mo ti di bàbá onírùngbọ̀n funfun, àwọn ọmọ sì rò pé ẹ̀rù kì í bà mí. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́ ní ọsibítù. Ọmọ tó dúró níwájú ilé Alángùá lọ́jọ́sí kò béèrè apá tí wọ́n ń sín. Èmi ti gbọ́n jù ú lọ, mo béèrè. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe apá rárá, ìdí ni. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fi kún ti ọmọ náà láti ìgbà yẹn kò ju ìyẹn lọ, àfi pé n kò ké. Mo kàn di tábìlì mú, wọ́n sì ní kí n fi í sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ Áfọ̀n. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni ìyá wa kì í sinmi, nítorí gbogbo ilé ló ń wá ìkòkò ẹran. Ẹrù Àwáwù ti wà nínú igbá lẹ́nu ilẹ̀kùn, gbogbo wa ń rékọjá lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán, ìyá wa dìde nídìí amọ̀, wọ́n fọwọ́, wọ́n tún un fọ̀, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n wá jókòó sórí ẹní Àwáwù. N kò rí làálì lọ́wọ́ ìyá wa rí. Amọ̀ kì í jẹ́. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n gbójú síbòmíràn.

"Má ya ewé sí i o," wọ́n ní. "Ṣe é níwọ̀nba. Ìkòkò wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ mọ lọ́la."

Àwáwù mú igi ìgbálẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Ẹ ò lè fọwọ́ kan amọ̀ lọ́la, Ìyá. Bí ẹ bá fi kàn án, á bàjẹ́."

Ìyá wa wo àwọn ìkòkò tútù tó tò sábẹ́ ìbòjì, wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n wo igbá tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Kí ìkòkò dúró, kí Áfọ̀n náà dúró."