Kí Itọ́ Yìí Tó Gbẹ

Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọmọ mi tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló rán mi létí. Lánàá, mo ní kó bu omi wá fún mi. Ó ní, "Kaka, ina zuwa," pé ìyá àgbà, òun ń bọ̀, àmọ́ ojú ẹ̀ ò kúrò lára fóònù ìyá ẹ̀, títí ó fi sú òùngbẹ náà, tó bá tiẹ̀ lọ. Ìyá ẹ̀ sì tún ń bi mí bóyá kí òun ra tiẹ̀ fún un. "Màmá, gbogbo ọmọ kíláàsì ẹ̀ ló ní in." Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́, má rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Nígbà tiwa, àwa ọmọdé ni fóònù. Bí ìyá mi bá fẹ́ ránṣẹ́, á tutọ́ sórí yanrìn níwájú ilé wa ní Niger Street, á ní, "Kí itọ́ yìí tó gbẹ, kí n ti rí ẹ." Oòrùn Kano kì í sì í fi itọ́ ṣeré. Eré là ń sá lọ, eré là ń sá bọ̀, à ń tún iṣẹ́ náà sọ lẹ́nu kó má baà jábọ́ lọ́nà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi di ògiri mú, ó tutọ́, ó ní kí n sáré pe Ìyá Ọ̀ffà, agbẹ̀bí tó gba gbogbo wa, pé ọmọ ti ń bọ̀. Bàbá mi wà níbi iṣẹ́ rélùwéè. Mo dé etí títì, mo wọ̀tún, mo wòsì, nítorí mọ́tò ti yí ọ̀nà padà. Ibẹ̀ ni mo ti rí èrò níwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀, ọkùnrin onídán kan nínú ẹ̀ ń fa ẹyẹlé yọ nínú fìlà. Mo ní kí n wo ẹyọ kan péré. Nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù fi pàṣán lé wa, "Ku tafi gida!", ẹ lọ sílé yín, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Nígbà tí mo wá jíṣẹ́, Ìyá Ọ̀ffà ò tiẹ̀ dúró wá bàtà. Àmọ́ kí a tó dé, aládùúgbò ti gba ọmọ. Ọmọ ń ké, ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ni ò dá. Ìyá Ọ̀ffà bá a jà títí tó fi dá. Oṣù méjì ni ìyá mi fi wà lórí ẹní. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n bi mí lójú Ìyá Ọ̀ffà pé kí ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní Ìyá Ọ̀ffà ló ní òun ń jẹun lọ́wọ́.

Obìnrin náà wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ ẹ̀. Ìyá mi ò pè é mọ́. Nígbà tó yá, ará àdúgbò náà ò pè é mọ́. Ó di ẹrù ẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé.

Èmi ò bá fóònù jà. Ká ní ó wà nígbà náà ni, agbẹ̀bí ì bá ti dé kí ara tó ni ìyá mi. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n oníṣọ́ọ̀bù ni mo dúró wò, wọ́n sì lé mi. Ta ni yóò lé ọmọ ọdún mẹ́fà tó ní fóònù tiẹ̀? Kó máa yá ti ìyá ẹ̀ wò, kí ìyá ẹ̀ sì máa gbà á padà.

Ìyá mi kú láìmọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Nígbà tí àwọn ọmọ tèmi dàgbà tó ẹni à ń rán níṣẹ́, mo pè wọ́n jókòó, mo sì sọ fún wọn pé, "Èmi ni mo dúró wòran. Ìyá Ọ̀ffà sáré wá."