Irin Ńlá Wòlíì

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀, tó bá ń yọ́, máa ń gbé mi padà sí Ìbà, sí ọ̀sán tí bàbá mi fẹ́ fi rédíò gbé ìwàásù kọjá títì. Bí kò bá dún, a ó kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rédíò tí ṣọ́ọ̀ṣì fún wa.

Wáyà tí bàbá mi gé láti fi gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ kò gùn ju ìka kan lọ. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá Títí, ṣé èyí ló máa gbé ohùn Ọlọ́run? Ọlọ́run ńlá, irin ńlá!"

Àwọn ọmọ ìjọ so irin gígùn bí òpó mọ́ ọn. Rédíò kàn ń kùn ṣáá. N kò tíì mọ̀ pé ìgbì rédíò tó bá kúrú, wáyà kúkúrú ló ń fẹ́.

Wòlíì kígbe sí ìjọ pé, "Ẹ̀ṣẹ̀ Bàbá Títí ló dí i. Olúwa á fún wa ní ẹlòmíì!"

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àmín.