Ìkòkò Ọjọ́ Méjì

Òórùn ẹja gbígbẹ ni ó jí mi ní òwúrọ̀ Sátidé náà, òórùn èéfín àti iyọ̀ òkun tí ó máa ń gòkè láti inú omi gbígbóná nígbà tí màmá mi bá ń fọ iyanrìn kúrò lára ẹja. Mo dìde lórí ẹní, mo yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Màmá mi jókòó lórí àpótí, ó ń ya ẹja náà wẹ́wẹ́, ó sì ń pín in sí ọ̀nà méjì nínú àwo. Yóò mú ègé kan láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, yóò wò ó díẹ̀, yóò sì tún dá a padà. Kò kọrin. Bí màmá mi kò bá ti kọrin nídìí iná, ẹ mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Deido ni a ń gbé, ní ìlú Douala, ní ìtòsí afárá tí ó gba orí odò Wouri kọjá. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a háyà. Àwọn ọdún rògbòdìyàn ni mò ń wí, nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ìbọn kò sì tíì dákẹ́ ní ìgbèríko. Ẹ̀yin ojúgbà mi tí ẹ dàgbà níbẹ̀ kò lè gbàgbé kónílé-ó-gbélé, àti àwọn sójà tí wọ́n ń béèrè ìwé àṣẹ ìrìnnà tí gbogbo wa ń pè ní lesé-pasé. Ọkọ̀ tí ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò wá láti ìgbèríko Mungo lè má dé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí ó bá sì dé, ohun tí ó kó wá ti wọ́n kọjá agbára aránṣọ, nítorí pé ta ni yóò dá aṣọ tuntun nígbà tí kò mọ̀ bóyá ilé òun yóò wà lórí ìdúró di ọ̀la?

Síbẹ̀ màmá mi kò gbà pé kí a ṣáà ti yó. Ó ní a gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ tí ó pé. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á; màmá mi a sì fi tirẹ̀ kún un pé, "Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni ó ń mú un pẹ́." Ìgbà tí àwọn obìnrin ọlọ́jà bá ń palẹ̀ mọ́ ni ó máa ń lọ sí ọjà, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù kò lè dúró di ọjọ́ kejì mọ́. Yóò gún un, yóò pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo, yóò sè é nínú ewé. Eegun ẹja kì í dé ààtàn nílé wa. Yóò yan án títí yóò fi gbẹ, yóò gún un mọ́ ata, yóò sì ní eegun náà ni yóò di eegun ẹsẹ̀ wa. Nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ máa ń yẹ èékánná wa àti ojú wa wò láràárọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Èyí jẹ́ ohun ìyangàn fún màmá mi ju ẹ̀bùn ìparí ọdún lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í wọ́n nílé wa. Ohun náà ni ìpè. Bí a bá jókòó ti àwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni sì ń kọjá, màmá mi yóò ní, "Ẹ wá bá wa jẹun." Ẹni náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Á gba ibi ire o," yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bí àwa Yorùbá tí a wà ní Deido ti ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí kò bá pe ènìyàn, ahun ni. Ẹni tí ó bá jókòó nígbà tí a pè é, wọ̀bìà ni. Gbogbo wa mọ ààlà tí ó wà láàárín méjèèjì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin ẹ̀yà Duala kan kó wá sí yàrá tí ó kángun sí tiwa. Màmá Ńdomé ni a ń pè é. Ilé rẹ̀ ní apá kejì ìlú ti jóná nínú rògbòdìyàn náà, ẹni kan kò sì bá a wá. Ó dàgbà ju màmá mi lọ. Èdè Píjìn ni òun àti màmá mi fi ń kíra.

Ìròyìn ti kàn ní òwúrọ̀ Sátidé náà pé kò ní sí ọjà ní ọjọ́ Àìkú, àti pé kí oníkálukú jókòó sí àgbàlá rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí màmá mi fi pín ẹja sí méjì. Ìkòkò ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó gbé kaná, oúnjẹ ọjọ́ méjì ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ bí kò ṣe gààrí tí kò bo ìsàlẹ̀ agolo.

A jókòó láti jẹun ọ̀sán: bàbá mi, màmá mi, èmi Dúpẹ́, àti Títí àbúrò mi obìnrin. Màmá Ńdomé ń gbé garawa omi kọjá. Màmá mi pè é, bí ó ti máa ń pe gbogbo ayé. Màmá Ńdomé dúró. Ó sọ garawa kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ó ṣan ọwọ́, ó sì jókòó.

Bàbá mi sún fún un. Màmá mi dìde, ó wọlé lọ bu oúnjẹ sí àwo rẹ̀, mo sì gbọ́ ìró ṣíbí nísàlẹ̀ ìkòkò. Mo mọ̀ pé inú ọ̀la ni ó ti ń bù. Màmá Ńdomé jẹun bí ẹni tí kò tíì rí oúnjẹ gbígbóná láti ìgbà tí iná ti jó ilé rẹ̀. Ó yin ata, ó yin ẹja, ó sì gba àfikún. Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Màmá mi máa ń sọ fún wa pé àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé, mo sì ń retí kí ó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún èwe. Ó fi ìka nu àwo náà mọ́ tónítóní. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n màmá mi fi ojú bá mi wí, mo sì gbé e mì.

Nígbà tí ó lọ tán, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ẹsẹ̀ obìnrin náà kò jẹ̀bi. Ẹnu rẹ ni ó pè é."

"Ta ni kò mọ̀ pé ìkíni ni?"

"Òun ni kò mọ̀."

Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìkòkò wò, ó dé e, ó sì tún un ṣí.

Ohun tí ó kù nínú rẹ̀ kò kọjá oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì fún èmi àti Títí. Àwọn òbí wa ní àwọn ń gbààwẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú náà, òòrùn mú, òpópónà dákẹ́ rọ́rọ́, Títí sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Nígbà náà ni òórùn kan gba ojú fèrèsé wọlé, òórùn ẹ̀pà lílọ̀ àti ewúro. Màmá Ńdomé ti já ewúro tí ó hù lẹ́yìn ilé, ó ti fọ ìkorò rẹ̀ kúrò, ó sì ti fi ẹ̀pà díẹ̀ tí ó ní sè é. Ó yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí a wá jẹun.

Ẹnu màmá mi kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ inú rẹ̀. Ó ní a ti jẹun, kí ó gba ibi ire.

Ojú Màmá Ńdomé yí padà. Ó yí ẹ̀yìn padà láti máa lọ, ọkàn mi sì ń bá a lọ. Ó dúró lójijì, ó ní, "Lánàá o pè mí, mo wá. Lónìí mo pè ọ́. Ṣé ìkòkò tèmi ni kò mọ́?"

Màmá mi wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀pà kan ṣoṣo níta ni màmá mi. Mo rò pé yóò tún kọ̀. Mo ti ń mú ọkàn le fún ebi òru.

Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Ó wá sọ fún wa pé, "Ẹ lọ wẹ ọwọ́ yín."

Ní yàrá Màmá Ńdomé, a fi ẹ̀gẹ́ tí ó wé sínú ewé jẹ ewúro náà, ìkorò díẹ̀ nínú adùn. Màmá mi tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ kí n lè ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú àwo. Màmá Ńdomé wo ìyókù náà, ó béèrè ta ni a ṣẹ́ ẹ kù fún, nígbà tí kò sí ọmọ nílé òun. Màmá mi rọra ti àwo náà sí iwájú Títí.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà tiwa àti ewúro tirẹ̀ ni ó gbé wa la ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ kò dé já. Màmá mi kò ṣíwọ́ àtipe ènìyàn títí ó fi lọ bá àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n kò tún pe ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ wo ìkòkò.

Mo ti di ìyá àgbà. Ilé ọmọ mi ní Bonapriso, ní Douala kan náà, ni mò ń gbé, níbi tí fírísà ti kún, tí àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ń fi Faransé sọ pé ẹja ti sú àwọn. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé kí àlejò má jókòó. Èmi tí mo jẹ́ lónìí kì í gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá pè ọ́, jókòó. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn nígbà tí a ń jẹun, inú ìkòkò ni ojú mi ṣì ń kọ́kọ́ lọ, kí ó tó lọ sí ẹnu ọ̀nà.