Máòsì Tó Bá Ọwọ́ Kọ́lájọ Mu

Ẹ má bi mí pé báwo ni ìyá ẹlẹ́ja ṣe mọ ọ̀rọ̀ máòsì kọ̀ǹpútà tó báyìí. Ẹja ni mo ń yan ní Ugbónla. Mo yan ẹja kí n tó lọ sílé ọkọ, mo yan án nílé ọkọ, nígbà tí mo sì kó ẹrù mi kúrò nílé ọkọ, ẹja náà ni mo padà wá yan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó máòsì mẹ́wàá síwájú mi lónìí, màá fọwọ́ bò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì sọ èyí tí yóò máa dun ọrùn ọwọ́ fún yín, àti èyí tí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ wa yóò jẹ kí oṣù méjì tó pé. Kọ́lájọ àbúrò mi ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Ìbá wù mí kí n má mọ̀ ọ́n rí.

Apẹja ni Kọ́lájọ. Apẹja gidi ni mo wí, kì í ṣe àwọn tó ń gbé àwọ̀n kọ́ èjìká kiri kí ìyàwó má baà bú wọn. Ní ọdún 2009, ó da àwọ̀n sójú òkun láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wé okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún kó lè mọ̀ bí ẹja bá ti wọlé. Bàbá wa ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan tó ń kó irin lọ fún àwọn elépo gba orí àwọ̀n náà kọjá, ó sì ń wọ́ ọ lọ. Kò dúró. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Kí Ọlọ́rundáre tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ tó fi àdá gé okùn, ìka mẹ́ta ti lọ, láti ìka àárín dé ìka kékeré. Wọn ò já o. Wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kú. Ẹ lè gbé ẹyín iná lé wọn, kò ní mọ̀. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e nìkan ló kù fún un.

A kọ ìwé sí àwọn tó ni ọkọ̀. A tún kọ ọ́. Ta ló fẹ́ dá apẹja lóhùn?

Ó jókòó sílé fún ọdún kan gbáko. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ó bá jí, òkun ló kọ́kọ́ ń wò, ó wá di ẹni tó ń kẹ̀yìn sí omi. Inú bí mi títí, mo ń bú u, mo ń bú ara mi. Níkẹyìn mo fà á lọ sí Igbókòdá, sọ́dọ̀ Olówòkéré tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá èbúté, tó sì ń kọ́ ènìyàn ní títẹ̀ ẹ́. Kọ́lájọ ṣáà parí ìwé mẹ́wàá. Kó jókòó síbẹ̀ kó máa wo ojú ẹ̀rọ sàn ju kó máa wo ògiri lọ.

Ó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ òsì ló fi ń tẹ lẹ́tà, torí bí ó bá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e, àwọn òkú ìka náà á máa tẹ ohun tí kò rán wọn. Máòsì ló wá kù fún ọwọ́ ọ̀tún. Ojú pẹlẹbẹ tó wà lára láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ kò ṣe é lò fún un, ìka tó ti kú á máa wọ́ lórí rẹ̀, ọfà ojú ẹ̀rọ á máa lọ síbi tó wù ú. Nítorí náà, bí kò bá sí máòsì, kò sí iṣẹ́.

Èyí tí a kọ́kọ́ rà kéré bí àgbálùmọ̀. Àwọn ìka náà ń yọ́ bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ń ha tábìlì, nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, awọ ti bó, Kọ́lájọ ò sì mọ̀, àfìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀. Èkejì kò ní okùn, bátìrì ni wọ́n ń kì sí i nínú. Mo rò pé ìyẹn ni tàwọn olówó, mo ń gbéra ga. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí ẹnu ibi tí bátìrì ń wọ̀ fi di àwọ̀ ewé. Iyọ̀ ti jẹ ẹ́.

Ìgbà kẹta, mo tẹ̀ lé e lọ, mo jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù Olówòkéré, mo ní mi ò ní dìde.

Olówòkéré ní, "Màmá, máòsì ni máòsì ń jẹ́. Ẹ mú ọ̀kan kí ẹ máa lọ."

Mo ní, "Bí mo bá wá ra àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ, ṣé wàá sọ pé àwọ̀n ni àwọ̀n ń jẹ́? Kó gbogbo wọn sílẹ̀."

Ó kó wọn sílẹ̀. Kọ́lájọ gbé ọwọ́ lé ọ̀kan, ó mi orí. Ó gbé e lé òmíràn. Ọ̀kan wà tó ga lẹ́yìn jù, ó ń ká a lọ́rùn ọwọ́. Ọ̀kan wà tí ibi títẹ̀ rẹ̀ le, àfi bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́. Nígbà tó kan funfun kan tó tóbi, tó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀yìn alákàn, ó gbé ọwọ́ lé e, àwọn òkú ìka mẹ́ta náà sùn sórí rẹ̀, kò sí èyí tó bọ́. Àtàǹpàkò rí kòtò kékeré kan tí yóò wọ̀. Okùn rẹ̀ nípọn. Ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn.

Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò dùn mí."

Mo dìde kúrò lórí àpótí. Mo sunkún lójú ọ̀nà èbúté, mi ò sì jẹ́ kó rí mi.

Oṣù méjì ló fi lò ó, ọjọ́ kan kò pa á jẹ. Inú iyàrá tó ṣíwájú ilé èéfín mi ló ń gbé kọ̀ǹpútà sí, èéfín ẹja sì sọ máòsì funfun náà di àwọ̀ ilẹ̀. Ó tilẹ̀ ń gbóòórùn ẹja. Ó ń bá ìjọ tẹ ìwé, ó ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ tẹ orúkọ èrò. Ìgbà náà ni ìròyìn dé pé ọ́fíìsì kan ní Igbókòdá ń wá ènìyàn márùn-ún tí yóò máa tẹ orúkọ gbogbo àwọn tí epo rọ̀bì ba omi wọn jẹ́, iṣẹ́ ọdún méjì. Wọ́n máa dán ènìyàn wò. Wọ́n ní láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ máòsì, kó mú tirẹ̀ wá.

Kọ́lájọ wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọn ò bá gbà mí níbi èyí, mi ò ní wá òmíràn mọ́. Ó ti rẹ̀ mí." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bó ṣe sọ ọ́ náà ló sì máa ṣe é, mo mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣíwájú ìdánwò, ó lọ gẹ irun. Mo mú máòsì náà kí n fi aṣọ nù ún fún un. Mo yí àgbá kékeré tí ìka ń yí lórí rẹ̀. Ó ń dún kín-ín kín-ín. Iyọ̀ nìyẹn, iyọ̀ ti ń wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tó ń gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Nílé wa, irin kì í sùn láìjẹ òróró. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ni o, ọ̀bẹ ni o, àgádágodo ni o, ìdè ilẹ̀kùn ni o, bàbá wa kò ní jẹun alẹ́ kó tó fi òróró kàn wọ́n. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan lónìí, ìpẹtà á kí yín lọ́la. Èmi náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, mo kán an sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá náà. Ó dákẹ́. Mo dojú rẹ̀ dé, mo rí ihò kan nísàlẹ̀, mo ní ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ á wà, mo kán an síbẹ̀ náà dáadáa. Mo nù ún lóde mọ́ tónítóní, mo gbé e sínú àpò rẹ̀. Mi ò sọ fún un. Inú mi ń dùn pé mo ṣe é ní oore.

Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹnẹrétọ̀ wa kò ní epo lọ́jọ́ náà, àwa tí epo ń ṣàn lójú omi wa.

Mo bá a lọ. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì náà pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Obìnrin tó ń dán wọn wò ń jẹ́ Ọlábọ̀dé, ó ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kọ́lájọ gbé ọwọ́ lé máòsì. Mo rí i tó tì í síwájú. Mo rí i tó gbé ojú sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó tún tì í. Ó gbé e sókè, ó gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, bí ẹni di ọmọ tó ń japoró mú.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọfà náà ń sá."

Ọlábọ̀dé wá wò ó. Ó bá a wá máòsì mìíràn láti orí tábìlì rẹ̀, kékeré kan báyìí, irú èyí tó ha àwọn ìka rẹ̀ lọ́jọ́sí. Kí ló lè fi ìyẹn ṣe? Àwọn yòókù ti jìnnà. Nígbà tí àkókò pé, orúkọ mẹ́rin ló tẹ̀ nínú ogójì.

Ọlábọ̀dé ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dà bíi pé ọwọ́ yẹn ń gbọ̀n."

Kọ́lájọ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọwọ́ náà ni."

Nígbà tí a délé, mo tú àpò rẹ̀. Òróró ti ń sun lábẹ́ máòsì náà, ó ti rin ìwé ìpè tó wà nínú àpò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé kọ̀ǹpútà padà fún Olówòkéré pé kó bá òun tà á. Mi ò sọ̀rọ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù ló bà mí, kí n má purọ́. Irọ́ tilẹ̀ ti wà láàárín wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́, dókítà sọ fún mi pé àwọn ìka yẹn kò ní jí mọ́. Mo jáde síta, mo sọ fún Kọ́lájọ pé dókítà ní wọ́n á jí bí oṣù mẹ́fà bá pé. Ó ń ka oṣù. Ní oṣù kẹsàn-án, ó lọ bi dókítà fúnra rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi."

Nígbà tí mi ò lè sùn mọ́, mo gbé máòsì náà lọ bá Olówòkéré. Ó tú u. Ó ní, "Màmá, ta ló da òróró sínú èyí? Ojú ló ní nísàlẹ̀, tó fi ń wo tábìlì. Wọ́n ti fọ́ ọ lójú." Mo ní èmi ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi sípírítì fọ inú rẹ̀, ó fọ ìta, ó ha gbogbo èéfín kúrò, ó lẹ ẹsẹ̀ tuntun mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ọfà náà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà.

Mo bá Kọ́lájọ lẹ́yìn ilé. Mo kúnlẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: òróró, ihò, ojú ìsàlẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ dára. Èmi ni mo bà á jẹ́. Lọ padà bá obìnrin yẹn. Wò ó, òun náà nìyí, ó ti ń ṣiṣẹ́."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i padà. Ó funfun báláú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ra tuntun."

Mo búra. Mo ní kó lọ bi Olówòkéré.

Ó ní, "Ohun tí ẹ bá ní kí Olówòkéré wí náà ni yóò wí. Ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ má tún fi owó ẹja ra nǹkan fún mi mọ́." Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín sí ọmọdé. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ ohun tí òtítọ́ máa ṣe bó bá débẹ̀ tán tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ọ́fíìsì náà ti gba márùn-ún rẹ̀. Kọ́lájọ ń jókòó. Bí mo bá gbé púpurú fún un, ó ń jẹ ẹ́. Bí n kò bá gbé e, kò ní bèèrè.

Lánàá, Rèbékà tó ń tẹ ìwé fún ìjọ báyìí yà sílé mi. Ó ní òun wá dúpẹ́, Kọ́lájọ fún òun ní máòsì kan, kò sì tíì sí èyí tó rọ òun lọ́wọ́ tó o. Ojú ń ti obìnrin náà pé òun gba nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Moríkẹ́, Bọ̀ọ̀dá ní ẹ̀yin lẹ rà á, pé tuntun ni, kò sẹ́ni tó lò ó rí. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo wo ẹ̀yìn ilé níbi tó jókòó sí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Tuntun ni."