Bíréèkì Tí Túnbọ̀sún Tún Ṣe

Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ nílé Túnbọ̀sún tí ó ń gbé lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni o, ilẹ̀kùn gáráàjì ni o, òun náà ni yóò tú u palẹ̀, òun náà ni yóò tò ó padà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe jẹun ní Irving, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ kí i lọ́jọ́ Sátidé, ọwọ́ tó kún fún gíríìsì ni yóò fi bọ̀ yín lọ́wọ́. Ìlọrà ló ti kọ́ ọ, nídìí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì dá ara rẹ̀ lójú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyàwó rẹ̀, Adéfọlá, kò gun kẹ̀kẹ́ rí nílé. Ìgbà tí ó ti lé lógójì ọdún ni Sharon, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ́ ọ ní Dallas níbí. Láti ìgbà náà, bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé, ó ti bá Sharon lọ sétí adágún White Rock nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù níbẹ̀: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan tí wọ́n máa ń dé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ parí. Láti orí rẹ̀ délẹ̀ ni Adéfọlá máa ń fún bíréèkì mọ́wọ́ pinpin.

Lọ́sẹ̀ tí òtútù kọ́kọ́ dé tòótọ́, tí ewé igi ń rẹ̀ dà sójú ọ̀nà, bíréèkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í han, kò sì tètè mú mọ́. Túnbọ̀sún yọ wáyà méjèèjì dànù, ó fi tuntun sí i. Nígbà tí Sátidé mọ́, Adéfọlá wọ ìbọ̀wọ́, ó dé akoto, ó tẹ bíréèkì méjèèjì pọ̀. Kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Fèyí. Ó ti mú gan-an báyìí."

"Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé iṣẹ́ ni?" Túnbọ̀sún ń rẹ́rìn-ín. "Máa lọ jàre, òtútù ń wọlé."

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn mọ́tò Sharon, wọ́n lọ.

Orí ọkùnrin yìí wá ń wú. Ó ní kí òun kúkú tọ́jú kẹ̀kẹ́ Fèyísọ́lá, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì ní Denton. Bí wọ́n ṣe rà á náà ló ṣì wà, sípánà kankan kò tíì kàn án. Ó gbé e sókè, ó yí táyà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ bíréèkì. Táyà ẹ̀yìn ló dúró. Tiwájú ń yí lọ.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Táyà ẹ̀yìn náà ni.

Ní Ìlọrà, bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe fi wáyà tuntun sí kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, láìronú rárá. Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì ni. Bí èèyàn bá rọra tẹ méjèèjì pọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n Sharon ti kọ́ Adéfọlá pé bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó fún dáadáa, nítorí bí táyà iwájú bá dúró lójijì, kẹ̀kẹ́ á gbé ẹni tó gùn ún sọ síwájú. Yóò fún ọ̀tún lónìí. Gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò sì fi fún un.

"Jésù!"

Ó sáré wọ mọ́tò tòun ti sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Ó pe fóònù ìyàwó rẹ̀. Bó ṣe dún lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù mìíràn gbá a mú: bó bá jẹ́ orí òkè yẹn ló wà ńkọ́, tí ó bá fẹ́ dúró gbé e? Ó pa fóònù, ó jù ú sílẹ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ńṣe ni gbogbo mọ́tò ń wọ́ lójú rẹ̀. Ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ sókè. Ó ń rí akoto tó ti fọ́, ó ń gbọ́ ohùn Fèyísọ́lá tó ń bi í pé, "Dad, what did you do?" Ẹ̀rù bà á débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ̀.

Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀ òkè náà, ó bọ́ sílẹ̀, ó gbójú sókè. Adéfọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lókè ni, Sharon ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ó lanu láti ké. Kò ké. Bí ó bá rí òun, yóò tẹ bíréèkì. Bí ó bá gbọ́ ohùn òun, yóò tẹ bíréèkì. Ọkùnrin tó sáré wá gba ìyàwó rẹ̀ là bá sá pamọ́ sẹ́yìn igi, ó fọwọ́ di ara rẹ̀ lẹ́nu, ó ń wò. Kẹ̀kẹ́ ń yára sí i. Ìka Adéfọlá wà lórí bíréèkì. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ kọjá lára igi fìrì, ó bọ́ sójú ọ̀nà tó tẹ́jú, eré rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, títí Adéfọlá fi fẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Túnbọ̀sún tó jáde.

"Háà, Bàbá Fèyí! Kí lẹ wá ṣe níbí?" Ẹ̀rín gba ojú Adéfọlá kan. "Ṣé ẹ rí mi? Mi ò tẹ bíréèkì rárá! Ẹ̀rù pé kò ní mú ló máa ń jẹ́ kí n fún un látòkè. Lónìí, mo ní ṣebí ọkọ mi ló tún un ṣe. Ọkàn mi balẹ̀, mo bá jẹ́ kó máa lọ."

Túnbọ̀sún di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú, kò sì fi í sílẹ̀. Ó jókòó sórí koríko, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Adéfọlá bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó fi bò ó léjìká, ó rò pé òtútù ló ń mú un.