Àdúrà Tí Kò Rí Àmín ní Houston

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Délé kan ilẹ̀kùn yàrá tí mo dé sí nílé wọn ní Katy, lẹ́bàá Houston. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Dókítà ni wọ́n, wọ́n sì gbà pé kò sí àìsàn tí ohùn líle kò lè wò. Iṣẹ́ tí a jí fún lọ́jọ́ Àìkú yẹn ni láti lọ gba Fúnkẹ́, ìyàwó àbúrò wọn, lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí kì í jà.

Túndé, àbúrò wọn, lọ kí ìyá wọn nílé lọ́dún tó kọjá. Àwọn agbésùnmọ̀mí ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yìnbọn pa á. Ọwọ́ ba ọ̀kan nínú wọn. Agbẹjọ́rò tó ń bójú tó ẹjọ́ náà wá ń retí èsì ẹbí kí ọjọ́ Àìkú yẹn tó ṣú: ṣé kí a bẹ kóòtù kó pa ọmọkùnrin náà, àbí kó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí? Gbogbo wa ti fẹnu kò sí ikú, àgàgà àwa tí a kì í pe Túndé lórí fóònù nígbà tó wà láyé. Opó nìkan ló ní kí wọ́n má pa á.

Fíríwè ni wọ́n ń pe ọ̀nà ibẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ tó fẹ̀ bí pápá, tí kò ní kòtò kan ṣoṣo. A ra kọfí kan ní dọ́là mẹ́fà. Ó korò tó owó rẹ̀.

“Kí lo ní wọ́n ń pe ìjọ náà?” ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

“Kúékà, sà. Wọn kì í jagun. Ibi tí Fúnkẹ́ ń lọ yìí, wọn ò ní pásítọ̀.”

“Kò sí pásítọ̀! Ta ló wá ń gba ìdámẹ́wàá?”

Ní Brays Oaks, àdúgbò tí Fúnkẹ́ ń gbé, ó kúnlẹ̀ kí wa. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó parí òwe àkọ́kọ́, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ ná. Tí a bá dé, mo máa gbọ́ gbogbo ẹ̀.”

Yàrá lásán ni ṣọ́ọ̀ṣì náà, kò sí pẹpẹ, kò sí gbohùngbohùn. Àwọn arúgbó jókòó yíká, wọ́n dákẹ́ bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì.

“Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi sọ sí mi létí.

“Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, sà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá ló ń dìde sọ ọ́.”

Kò yẹ kí n sọ èyí fún ọmọ Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èpè kì í dùn lédè àjèjì. “Gbogbo ẹni tó pa àbúrò mi, kí iná run wọ́n tìrantìran!”

Wọ́n dúró de àmín. Nílé, òrùlé ì bá ti fò. Níbí, fíríìjì ilé ìdáná nìkan ló dáhùn. Èmi gan-an la ẹnu, Fúnkẹ́ wò mí, mo pa á dé.

“Mo ní kí iná run wọ́n!”

Kò sẹ́ni tó mira. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò dé orí iná mọ́. “Túndé,” ni wọ́n wí, wọ́n jókòó, wọ́n bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó tó, kò sẹ́ni tó ní ọkùnrin kì í sunkún, bí ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ṣe sọ fún wa níbi ìsìnkú. Àwọn arúgbó náà kàn jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sun ún tán.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fún wa ní bisikíìtì tí kò ní ṣúgà. Bóyá wọn ò fẹ́ hu ìwà ipá sí ahọ́n.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, “Fúnkẹ́, ṣé o ti dárí jì í ni?”

“Rárá, sà. Àràárọ̀ ni mo ń bẹ̀rẹ̀, mi kì í dé ìdajì. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ọkọ mi pa ọmọ ọlọ́mọ.”

“Tó bá jáde, tó tún pa ẹlòmíì ńkọ́?”

“Kí wọ́n tì í mọ́lé, sà. Ẹ̀mí ẹ̀ ni mo ní kí wọ́n dá sí, mi ò ní kí wọ́n fún un ní ọkọ̀.”

A gbé Fúnkẹ́ délé, a sì padà sí Katy. A ò tíì jókòó tí agbẹjọ́rò pè.

“Ẹbí Túndé ò béèrè ikú,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Ṣé gbogbo yín lẹ fẹnu kò, sà?”

“Rárá o! Inú ṣì ń bí mi. Ìyàwó ẹ̀ ló sọ̀rọ̀, a sì ti gbọ́.”

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù ìdáríjì lẹ́nu àwọn tí ojú wọn ń dán. Ìrìnàjò yìí ló kọ́ mi pé ẹni tó ń ṣe é gan-an kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi pa fóònù, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbá ilẹ̀kùn mọ́ bí ẹni tí kì í ṣe Kúékà rárá.