Òórùn Dídùn Tó Pa Àǹtí Ọlọ́ràá

Àǹtí Ọlọ́ràá ti kú. Ikọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè sọ gbólóhùn kan tán láìdúró mí. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní àìsàn ráńpẹ́ ni. Ráńpẹ́ báwo?

Iṣẹ́ rẹ̀ la fi ń pè é ní Ọlọ́ràá. Ó máa ń fi oògùn kan tó dà bíi yíǹkì kun ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ọ̀rá náà yóò fi gba oòrùn, tí yóò sì fún wa ní iná: sólà tó ṣeé ká bí ẹní, tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣègbéyàwó, ó tẹ́ ọ̀kan sójú fèrèsé wa. Gílóòbù tàn, mo pariwo, mo fò mọ́ ọn.

"Ìyàwó, rọra o! Ọkọ rẹ ni kí o máa fò mọ́, má fà mí lọ́rùn ya."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ má bínú sí mi, ìyàwó tuntun ni mí, inú mi ṣì ń dùn. Ọkọ mi sín lásán, màá rẹ́rìn-ín! Ṣùgbọ́n yàrá kan náà ni òun àti Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́, oògùn yẹn sì ń ta sánsán bí èso tó pọ́n. Tó bá ti dé, màá ki imú bọ ẹ̀wù rẹ̀.

"Lọ́fínńdà wo lẹ ń lò?"

"Ti ọ̀gá wa ni. Ọ̀fẹ́ ló ń fún wa."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, ìta ni mo ti ń fọ ẹ̀wù náà, màá sé èémí.

Fáànù tó yẹ kó máa fa òórùn náà jáde ní yàrá iṣẹ́ wọn ti bàjẹ́. Wọn kò tún un ṣe. Fèrèsé ńkọ́? Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣí, eruku á ba ọ̀rá jẹ́. Ẹ gbọ́ o: wọ́n dáàbò bo ọ̀rá! Ṣé ọ̀rá ló ní ẹ̀dọ̀fóró ni? Àwọn àlejò pàtàkì wá, wọ́n wọ ìbòmú, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n yin iná tí kò ní èéfín. Kò ní èéfín lóòótọ́. Àyà Àǹtí ni gbogbo rẹ̀ kó sí.

Àga rẹ̀ ni wọ́n wá fún ọkọ mi. Ìgbéga, wọ́n ní! Bó ṣe ń sọ fún mi ló húkọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Omi ló há mi lọ́fun."

Kò sí omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá, kí ló wà nínú oògùn yẹn? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ àyà gbogbo òṣìṣẹ́ yín wò. Ẹ̀yin aṣojú ìjọba tí ẹ fọwọ́ sí yàrá náà, ta ló fi yín lọ́kàn balẹ̀? Ẹ jáde wá sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ Àǹtí. Títí ẹ ó fi dáhùn, ọkọ mi kò ní jókòó sórí àga yẹn. Tí kò bá léwu lóòótọ́, ọ̀gá, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ sì mí.